Ìperí fún Fífi Àmì Onílà Tọpa Iṣẹ́ ní Ojú Iṣẹ́: Àpẹẹrẹ Ẹbu Gàrí ní Agbègbè Ìjàyè

1.0 Ìfáárà

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ jáde kúrò ní Ìbàdàn, bí ó bá ti kọjá Òjòó, kò ní pẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí IITA, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967. Nínú oko àti nínú ilé ìpamọ́ irúgbìn ibẹ̀, a ó rí ìwé pélébé tí a tẹ ìlà dúdú sí lára, tí a so mọ́ ohun ọ̀gbìn tàbí tí a lẹ̀ mọ́ àpò irúgbìn. Òṣìṣẹ́ a máa kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ka ìlà ara ìwé náà, kí ó má baà kọ òṣùwọ̀n ti ọ̀kan sí orúkọ èkejì. Bí onítọ̀hún bá tún tẹ̀ síwájú dé Mọ́níyà, tí ó sì yà sí ọ̀nà Ìṣẹ́yìn, àgbègbè Ìjàyè ni ó ń wọ̀ yẹn. Níbẹ̀, nínú ẹbu gàrí, ìlà mìíràn ni ó lè bá pàdé: ìlà ẹfun tí a fà sára ògiri tàbí sára pákó, láti fi mọ iye agbọ̀n ẹ̀gẹ́ tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ti bó láti òwúrọ̀.

Ìlà ti àkọ́kọ́ ń dáhùn ìbéèrè kan: “Èwo nìyí?” Ìlà ti èkejì ń dáhùn òmíràn: “Mélòó ni?” Ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá lókè òkun, àti ní àwọn kan nílẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú, a ti so ìbéèrè méjèèjì pọ̀, a sì fi mẹ́ta mìíràn kún wọn: ta ni ó ṣe é, ìpele wo ni iṣẹ́ dé, ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀ tí ó sì parí? Ètò tí ń dáhùn ìbéèrè márààrún pa pọ̀ ni a pè ní títọpa iṣẹ́ nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Ohun tí a fẹ́ ṣe ni láti wá ìperí Yorùbá fún ètò náà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí a ó wò níhìn-ín ni ibi tí ènìyàn ti ń fi agbára rẹ̀ ṣòwò. Bí ògbufọ̀ bá ṣi ìperí yàn nínú ìmọ̀ nípa ìràwọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè pàdánù máàkì. Bí ó bá ṣì í yàn nínú ìmọ̀ nípa iṣẹ́ àti owó ọ̀yà, ẹ̀bi tí kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ lè di tirẹ̀. Èrò wa ni pé ìperí tí ó dára fún ẹ̀kọ́ yìí gbọ́dọ̀ ya wíwọn iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ṣíṣọ́ òṣìṣẹ́, kí ó sì ya ìdúródè sọ́tọ̀ kúrò lára ìmẹ́lẹ́.

2.0 Ohun tí àmì onílà jẹ́

2.1 Ìtàn rẹ̀ ní ṣókí

Ọmọ Amẹ́ríkà méjì, Norman Joseph Woodland àti Bernard Silver, ni ó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ìhùmọ̀ lórí irú àmì báyìí, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 1952. Woodland ròyìn pé etí òkun ní Miami ni òun wà nígbà tí èrò náà sọ sí òun lọ́kàn. Ó fi ìka fa àwọn tóótòòtó àti ìlà kéékèèké inú àmì Morse wálẹ̀ nínú iyanrìn, wọ́n sì di ìlà gbọọrọ. Ó ju ogún ọdún lọ kí ẹ̀rọ tí yóò kà á tó di ohun tí apá oníṣòwò ká. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1974, ní ìsọ̀ ńlá kan ní ìlú Troy, ìpínlẹ̀ Ohio, a fi ẹ̀rọ ka àmì ara páálí ṣingọ́ọ̀mù kan. Ìyẹn ni ọjà àkọ́kọ́ tí a tà pẹ̀lú àmì onílà ti gbogbo gbòò.

Ní ọdún 1974 yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ Intermec gbé irú àmì tí a ń pè ní Code 39 jáde. Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù fún kókó ọ̀rọ̀ wa, nítorí pé ó lè gba lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀, kò sì ṣòro láti tẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́. Ní ọdún 1981, àwọn ológun Amẹ́ríkà tẹ́wọ́ gbà á fún ẹrù wọn. Ní ọdún 1994, ilé-iṣẹ́ Denso ní Japan gbé àmì onígun mẹ́rin tí a ń pè ní QR jáde, láti fi tọpa àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ojú iṣẹ́. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sanwó lórí fóònù lónìí. Ṣùgbọ́n ojú iṣẹ́ ni a ti bí i.

2.2 Bí a ti ń kà á

Ẹ̀rọ tí ń ka àmì yóò tan ìmọ́lẹ̀ sára ìwé. Ìlà dúdú a máa gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì. Àlàfo funfun a máa dá a padà. Ojú ẹ̀rọ yóò gba ohun tí ó padà wá, yóò sì mọ ibi tí dúdú ti fẹ̀ àti ibi tí ó ti tẹ́ẹ́rẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ pupa ni púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ń lò, bí a bá fi íǹkì pupa tẹ àmì sórí ìwé funfun, ẹ̀rọ kò ní rí i, nítorí pé ohun pupa a máa dá ìmọ́lẹ̀ pupa padà bí ohun funfun ti ń ṣe.

Nínú Code 39, nǹkan mẹ́sàn-án ni ó para pọ̀ di lẹ́tà tàbí nọ́ńbà kan: ìlà dúdú márùn-ún àti àlàfo funfun mẹ́rin. Mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án yìí ni ó máa ń fẹ̀. Mẹ́fà yòókù a tẹ́ẹ́rẹ́. Àmì ìràwọ̀ kan a máa wà níbẹ̀rẹ̀, òmíràn a sì wà níparí, kí ẹ̀rọ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Bí nọ́ńbà òṣìṣẹ́ kan bá jẹ́ A17, àmì márùn-ún ni a ó tẹ̀: ìràwọ̀, A, 1, 7, ìràwọ̀. Ìlà dúdú inú rẹ̀ yóò jẹ́ 25. Àlàfo inú àwọn àmì yóò jẹ́ 20, àlàfo tí ó ya àmì kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì yóò sì jẹ́ 4.

2.3 Àmì kò ju àmì lọ

Kókó kan wà tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ fò. Orúkọ òṣìṣẹ́ kò sí nínú àwọn ìlà náà. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Owó rẹ̀ kò sí níbẹ̀. A17 nìkan ni ó wà níbẹ̀. Inú àkọsílẹ̀ tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà ni ohun gbogbo tí a mọ̀ nípa A17 wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kò ní pẹ́ lóye èyí bí a bá rán an létí ọpọ́n Ifá. Babaláwo a máa tẹ àmì sínú ìyẹ̀rẹ̀ òsùn, ẹyọ kan tàbí méjì méjì, ní ọ̀nà mẹ́jọ. Nítorí pé ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ ọ̀kan nínú ohun méjì, iye odù tí ó lè yọ jẹ́ 256. Ṣùgbọ́n ẹsẹ Ifá kò sí nínú ìyẹ̀rẹ̀ òsùn. Inú babaláwo ni ó wà. Àmì ń tọ́ka sí odù ni, ẹni tí ó kọ́ ni ó sì lè sọ ohun tí odù náà wí. Bákan náà ni àmì ara káàdì rí sí àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó bá rí káàdì nílẹ̀ kò rí nǹkan. Ẹni tí àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó rí ohun gbogbo. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá fẹ́ béèrè ẹni tí ó láṣẹ lórí ètò náà, kí ó má wo ìlà; kí ó béèrè ẹni tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀.

2.4 Òǹkà ẹlẹ́rìí

Nínú àmì onínọ́ńbà 13 tí ó wà lára ọjà inú ìsọ̀, èyí tí ó gbẹ̀yìn jẹ́ ẹlẹ́rìí fún 12 tí ó ṣáájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á mú 615000000001 ṣe àpẹẹrẹ; 615 ni ó ń fi hàn pé ẹ̀ka ti Nàìjíríà ni a ti forúkọ nọ́ńbà sílẹ̀, kì í ṣe pé Nàìjíríà ni a ti ṣe ọjà náà dandan. A ó mú òǹkà kọ̀ọ̀kan láti òsì, a ó sọ ti àkọ́kọ́ di ìlọ́po 1, ti èkejì di ìlọ́po 3, ti ẹ̀kẹta di ìlọ́po 1, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí fún wa ní 6, 3, 5 àti 3 tí ó gbẹ̀yìn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 17. Ohun tí ó kù kí 17 fi pé 20 ni 3. Nítorí náà 3 ni òǹkà ẹlẹ́rìí, gbogbo nọ́ńbà náà sì di 6150000000013. Bí akọ̀wé bá ṣi 1 tí ó gbẹ̀yìn kọ ní 7, àpapọ̀ yóò di 35, ẹlẹ́rìí yóò sì di 5. Kọ̀ǹpútà yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kò dọ́gba.

3.0 Bí a ti ń fi í tọpa iṣẹ́

Kí ó tó di pé àmì onílà dé, ìwé ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò. Òṣìṣẹ́ yóò kọ aago tí ó bẹ̀rẹ̀ àti aago tí ó parí. Akọ̀wé yóò tún un kọ sínú ìwé ńlá ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní ìparí ọ̀sẹ̀. Nígbà tí àṣìṣe bá fi hàn, ẹni tí ó ṣe é ti gbàgbé. Àǹfààní àmì onílà ni pé a ń kọ nǹkan sílẹ̀ ní àkókò tí ó ń ṣẹlẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni tún un kọ.

Kí òye lè yé wa, ẹ jẹ́ kí á fi ọkàn ro ẹbu gàrí kan ní àgbègbè Ìjàyè, níbi tí a fẹ́ lo ètò yìí. Ìpele iṣẹ́ ibẹ̀ kò ṣàjèjì: bíbó ẹ̀gẹ́, fífọ̀ ọ́, rírin ín, fífún omi rẹ̀ dànù, jíjọ̀ ọ́ àti yíyan án. Nǹkan mẹ́ta ni a ó fún ní àmì onílà. Èkíní ni káàdì ìdánimọ̀ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni ìwé tí yóò máa bá ẹrù ẹ̀gẹ́ kọ̀ọ̀kan rìn láti ìpele dé ìpele, títí yóò fi di gàrí inú àpò. Ìwé alábàárìn ni a pè é. Ẹ̀kẹta ni pátákó tí a kọ́ sára ògiri, tí àmì ìpele kọ̀ọ̀kan wà lórí rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìkàmì mẹ́ta ni yóò wáyé: káàdì, ìwé alábàárìn, ìpele. Ẹ̀rọ yóò kọ aago sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, a ó tún ka káàdì àti ìwé náà, a ó sì tẹ iye agbọ̀n tí ó jáde àti èyí tí ó bàjẹ́ sínú ẹ̀rọ. Láti inú èyí, a ó mọ iye wákàtí tí ìpele kọ̀ọ̀kan gbà. A ó mọ ohun tí àpò gàrí kan ná olówó ẹbu ní ti owó iṣẹ́. A ó sì mọ ìpele tí ẹrù ń pọ̀ sí láìlọ. Bí ẹ̀gẹ́ kan bá sì bàjẹ́, a ó lè tọpa rẹ̀ padà sí oko tí ó ti wá.

4.0 Yíyan ìperí

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣẹ̀dá ìperí kò ṣàjèjì sí òǹkàwé. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ètò fífi Yorùbá kọ́ni ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, àti láti ìgbà tí ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, ti jáde ní ọdún 1984, a ti ń fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lójú, a ti ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ láti ara ọ̀rọ̀, a ti ń ṣe àpèjúwe, a sì ti ń yá ọ̀rọ̀ lò. Ohun tí a fẹ́ fi kún un níhìn-ín ni pé kí á tó yan ọ̀kan, kí á béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe sí ẹni tí ó kàn.

4.1 Àmì onílà

Àwọn kan lè dábàá “kóòdù ọ̀pá”. Èyí kò dára. Ọ̀pá ni à ń tì rìn tàbí tí à ń fi na ni, kò sí ọ̀pá lórí ìwé. Àwọn mìíràn lè dábàá “ìlà àṣírí”. Èyí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àṣírí kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni lè kà á. “Àrokò onílà” fani mọ́ra, ṣùgbọ́n nínú àrokò, nǹkan tí a fi ránṣẹ́ gan-an ni ó gbé ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ a sì ti rí i ní 2.3 pé àmì yìí kò gbé ọ̀rọ̀ kankan lọ́wọ́ ju ìtọ́ka lọ. Ìlà ojú náà kò bá a mu tán: àbàjà tàbí pélé a máa fi ìdílé tàbí ìlú hàn, kì í ya ènìyàn kan sọ́tọ̀ láàrin ìdílé rẹ̀. Nítorí náà a mú “àmì onílà”: ó ṣe àpèjúwe ohun tí ojú rí, kò sì ṣe ìlérí tí kò lè mú ṣẹ.

4.2 Kíkà, kì í ṣe ṣíṣọ́

Fún ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe sí àmì, “ṣọ́”, “wò” àti “yẹ̀ wò” wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n “ẹ̀rọ aṣọ́ni” yóò mú kí òṣìṣẹ́ rò pé ojú ẹ̀rọ ń bẹ lára òun láti àárọ̀ di alẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a gbé sí i lójú nìkan ni ó ń rí. Ọ̀rọ̀ ìṣe “kà” ni ó yẹ ẹ́. Nínú èdè wa, à ń ka ìwé, à ń ka owó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni fún lẹ́tà àti fún iye. Níhìn-ín, ẹ̀rọ ka ìlà, a sì ka agbọ̀n, “kà” sì gba méjèèjì. Ẹ̀rọ náà di “akàmì”, ìṣe náà di “ìkàmì”.

“Tọpa” pẹ̀lú ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ọdẹ tí ń tọpa ẹran kò rí ẹran. Ipasẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ ni ó rí, ó sì lè ṣì í. Kí olùṣirò ilé-iṣẹ́ má ṣe gbàgbé èyí. Aago méjì tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ jẹ́ ipasẹ̀ iṣẹ́. Wọn kì í ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

4.3 Ojú iṣẹ́

A kò gbọdọ̀ túmọ̀ ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ ti ń wáyé nínú ilé-iṣẹ́ sí “ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù”. Ṣọ́ọ̀bù ni ibi tí a ti ń tajà. A ní ojú ogun, ojú agbo, ojú ọjà. Ojú nǹkan ni ibi tí nǹkan ọ̀hún ti ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. “Ojú iṣẹ́” bá wọn mu. “Ẹbu” sì wà fún ilé-iṣẹ́ kékeré tí a ti ń ṣe epo, aró tàbí gàrí.

4.4 Irú iṣẹ́ àti irú owó

Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé Yorùbá kò mọ ètò ìṣirò iṣẹ́. Àgbẹ̀ tí ó gba aláàgbàṣe a máa ka ebè; iye ebè ni ó ń pinnu owó. Nínú àáró, a kì í sanwó, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ṣiṣẹ́ lóko rẹ̀ lónìí mọ̀ pé òun jẹ ọjọ́ kan. Nínú ọ̀wẹ̀, oúnjẹ àti ìmoore ni owó rẹ̀. Nínú ìwọ̀fà, iṣẹ́ ni èlé owó tí a yá. Ọ̀nà mẹ́rin nìyí, ìṣirò mẹ́rin sì ni. Ọ̀rọ̀ iye wa pàápàá ti ara òwò jáde: ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000, jẹ́ àpò owó ẹyọ kan.

Nítorí náà a kò wá ọ̀rọ̀ tuntun fún owó tí a ń san ní ìbámu pẹ̀lú iye iṣẹ́. “Owó àgbàṣe” ni. Èyí tí a ń san ní ìbámu pẹ̀lú àkókò jẹ́ “owó ọjọ́” tàbí “owó wákàtí”. Iṣẹ́ tí ó kan ọjà gan-an, bíi bíbó àti yíyan, ni “iṣẹ́ ìpèsè”. Gbígbá ilẹ̀, pípọn omi àti títún ẹ̀rọ ṣe jẹ́ “iṣẹ́ ìtìlẹ́yìn”.

4.5 Ìdúródè

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wúwo jù. Nínú gbogbo ètò títọpa iṣẹ́, àkókò kan máa ń wà tí òṣìṣẹ́ wà ní ojú iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ kò lọ. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Òyìnbó ń lò fún un jẹ́ èyí tí wọ́n tún ń lò fún ọ̀lẹ. Ògbufọ̀ tí ó bá ṣí ìwé atúmọ̀-èdè lè fi ìkánjú kọ “àkókò ìmẹ́lẹ́”. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí èyí yóò ṣe.

Ká ní obìnrin kan nínú ẹbu wa bẹ̀rẹ̀ sí bó ẹ̀gẹ́ ní aago 8:00, ó sì parí ní 12:40. Ìṣẹ́jú 280 ni èyí. Agbọ̀n 14 ni ó bó. Bí a bá pín in, agbọ̀n kan gba ìṣẹ́jú 20. Ṣùgbọ́n ní aago 10:10, ẹ̀gẹ́ tí ó wà nílẹ̀ tán. Ọkọ̀ tí ó ń kó òmíràn bọ̀ láti oko kò dé títí di 11:20. Ìṣẹ́jú 70 ni obìnrin náà fi jókòó ti ọ̀bẹ. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, 210 ni ó kù, agbọ̀n kan sì gba ìṣẹ́jú 15.

Nọ́ńbà méjèèjì tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n ń dáhùn kò dọ́gba. Ogún jẹ́ ti ẹbu: ó sọ bí ẹbu náà ti ń lọ sí. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ ti obìnrin náà: ó sọ bí ọwọ́ rẹ̀ ti yá tó. Bí àkọsílẹ̀ bá pe ìṣẹ́jú 70 ní “ìmẹ́lẹ́”, ogún yóò di tirẹ̀, ọ̀gá yóò sì máa wí pé ọwọ́ rẹ̀ fà. Bí ó bá pè é ní “ìdúródè”, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ yóò béèrè pé: kí ni ó dúró dè? Ìdáhùn ni pé ọkọ̀ ni. Ọ̀gá yóò wá lọ wo ọ̀nà oko.

Ní ti ẹni tí ń gba owó àgbàṣe, ọ̀ràn náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí, nítorí pé agbọ̀n 14 ni a ó san owó rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 70 yẹn bọ́ lápò rẹ̀ láìsí àkọsílẹ̀. Ìlà ẹfun ara ògiri kò ní àyè fún un. Ìlà 14 ni ó wà níbẹ̀, pin. Bí ètò tuntun bá ní àmì fún ìdúródè, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ àti olówó ẹbu yóò ní nọ́ńbà kan tí wọ́n lè jọ jókòó lé lórí. A dábàá nítorí náà pé kí pátákó ara ògiri ní àmì ìdúródè, kí àmì ìdí sì tẹ̀lé e: ẹrù kò dé, ẹ̀rọ bàjẹ́, iná lọ, omi kò sí. Àkókò tí a fi ń gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ tàbí tí a fi ń fọ̀ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ìdúródè, “ìpalẹ̀mọ́” ni.

5.0 Ìkìlọ̀ méjì

Ìkìlọ̀ kìíní jẹ́ ti ohun èlò. Ní ọdún 1967, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ètò kan tí a ń pè ní KarTrak, tí ó fi ìlà aláwọ̀ sára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀rọ lè máa kà á bí ó ti ń kọjá. Kí ọdún 1980 tó dé, wọ́n ti pa á tì. Eruku àti ìdọ̀tí kò jẹ́ kí ẹ̀rọ rí ìlà dáadáa. Omi ẹ̀gẹ́ àti èéfín àdìrò kò ní ṣàánú ìwé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí yóò bá lo ètò yìí nínú ẹbu gbọ́dọ̀ fi ọ̀rá bo káàdì, kí ó sì tẹ nọ́ńbà sísàlẹ̀ ìlà, kí ènìyàn lè kà á bí ẹ̀rọ bá kọ̀.

Ìkìlọ̀ kejì jẹ́ ti ènìyàn. Ní ọdún 1911, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń da irin ní ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba Amẹ́ríkà ní Watertown daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí a mú aago ìdíwọ̀n iṣẹ́, ìlànà Frederick Taylor, wọ àárín wọn. Ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe ìwádìí, òfin sì dé lẹ́yìn náà tí ó ka irú aago bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba wọ̀nyí. A kò fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ wọ́n, wọn kò sì ní ẹnu nínú ohun tí a ó fi òṣùwọ̀n ṣe. Ìperí tí ó yé òṣìṣẹ́ ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kí ó tó lè ní ẹnu nínú rẹ̀.

6.0 Àkójọ ìperí

Akàmì: ẹ̀rọ tí ń fi ìmọ́lẹ̀ ka àmì onílà.
Àkókò òṣùwọ̀n: iye àkókò tí a fẹnu kò sí pé ó yẹ kí ìpele iṣẹ́ kan gbà.
Àmì ìdí: àmì tí ń sọ ohun tí ó fa ìdúródè.
Àmì onílà: àkópọ̀ ìlà dúdú àti àlàfo funfun tí ó dúró fún nọ́ńbà tàbí lẹ́tà.
Ìdúródè: àkókò tí òṣìṣẹ́ wà ní ojú iṣẹ́ tí ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́ kò sí.
Ìkàmì: kíka àmì onílà lẹ́ẹ̀kan.
Ìpalẹ̀mọ́: mímú ohun èlò gbára dì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.
Ìpele iṣẹ́: apá kan nínú iṣẹ́ tí ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tirẹ̀.
Iṣẹ́ ìpèsè: iṣẹ́ tí ó kan ọjà gan-an.
Iṣẹ́ ìtìlẹ́yìn: iṣẹ́ tí kò kan ọjà ṣùgbọ́n tí ọjà kò lè ṣe láìsí i.
Ìwé alábàárìn: ìwé tí ń bá ẹrù rìn láti ìpele dé ìpele.
Ojú iṣẹ́: ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ ti ń wáyé nínú ilé-iṣẹ́.
Òǹkà ẹlẹ́rìí: òǹkà tí ó gbẹ̀yìn, tí a fi ń dán àwọn yòókù wò.
Owó àgbàṣe: owó tí a ń san gẹ́gẹ́ bí iye iṣẹ́.
Títọpa iṣẹ́: kíkọ ẹni, ẹrù, ìpele, àkókò àti iye iṣẹ́ sílẹ̀ bí iṣẹ́ ti ń lọ.

7.0 Ìkádìí

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi àpilẹ̀kọ yìí ṣe ẹ̀kọ́ kò nílò ẹ̀rọ. Kí ó kó ọjà mẹ́ta wá sí kíláàsì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìṣirò òǹkà ẹlẹ́rìí wọn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lọ sí ẹbu tàbí ilé aránṣọ tí ó wà nítòsí, kí wọ́n tọrọ àyè, kí wọ́n sì fi bíírò àti ìwé kọ aago ìbẹ̀rẹ̀, aago ìparí àti ìdúródè sílẹ̀ fún ìdajì ọjọ́. Nígbà tí wọ́n bá ka àbájáde rẹ̀ sí etí àwọn tí wọ́n wọn iṣẹ́ wọn, kí wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Bí ìyá tí ń bó ẹ̀gẹ́ bá gbọ́ “ìdúródè” tí ó sì dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ ni kò dé,” ìperí náà ti ṣiṣẹ́. Bí ó bá ní láti kọ́kọ́ gbèjà ara rẹ̀, kí á padà lọ wá òmíràn.